Ta Ló Ní Kí Ìyá Ọlọ́jà Má Dìbò?

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́! Àwọn kan ń wí pé, "Ìjọba àpapọ̀ ni o, ìpínlẹ̀ ni o, èwo ló kàn wá níbẹ̀?" Ó kàn yín gbọ̀ngbọ̀n!

Lọ́dún 1959, nígbà ìbò ilé aṣòfin àpapọ̀, ìyá aláṣọ n'Ìbàdàn dìbò, ìyá ẹlẹ́ja ní Onitsha náà dìbò. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta fùrá ní Kano kò gbọdọ̀ dé ìdí àpótí. Ìbò kan náà kẹ̀! Àwọn aṣáájú Àríwá ló fàáké kọ́rí pé ọkùnrin nìkan ni tiwọn. Òfin 1979 fìdí ẹ̀tọ́ ìbò múlẹ̀ káàkiri Nàìjíríà: ẹni ọdún 18, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin.

Lónìí, INEC, àjọ ìjọba àpapọ̀, ló ń kọ orúkọ olùdìbò sílẹ̀. Àjọ ìpínlẹ̀ ló ń ṣètò ìbò káńsù. Àmọ́ òfin 1999 ní ẹni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò sílé aṣòfin ìpínlẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò káńsù náà. Gómìnà kankan ò lè torí pé ẹ jẹ́ obìnrin tàbí àlejò ìlú yọ yín kúrò.

Káńsù yìí náà sì ni òfin gbé àbójútó ọjà lé lọ́wọ́. Ṣé ẹlòmíì ni kó wá bá yín yan ẹni tí yóò gba owó ìsọ̀? Ojú olójú ò jọ ojú ẹni. Ẹ tọ́jú káàdì yín.