Ta ló di kámẹ́rà mú?

Ẹ̀yin tèmi, ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀.

Gbogbo ìgbà tí fọ́tò ọkọ̀ gbalasa òfurufú bá ti jáde, tí a rí ọkọ̀ náà látòkè délẹ̀ nínú òkùnkùn, ẹnì kan á ti kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀: "Ta ló yà á?" Ẹ̀rín á tẹ̀ lé e. Ẹlòmíì á ní "òyìnbó ti tún gbé irọ́ dé". Láìkì rẹpẹtẹ. Ọ̀rọ̀ parí.

Ìbéèrè yẹn dáa o. Mi ò bá yín jà lórí ẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹni tó bèèrè ò dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó ti sọ ìbéèrè di ìdájọ́.

Ó dáa, ta ló yà á?

Ní 2010, JAXA ti Japan rán ọkọ̀ IKAROS sí ọ̀nà Venus. Ìgbòkun ló ní, bíi ti ọkọ̀ ojú omi, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń tì í, kì í ṣe atẹ́gùn. Ìgbòkun yẹn gùn tó mítà 14 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. Kíká ni wọ́n ká a kí wọ́n tó gbé e lọ, ó dọ̀hún kó tó tú. Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ pé nǹkan tó fẹ́lẹ́ báyẹn tú dáadáa, pé kò ya, pé kò lọ́? Ta lẹ fẹ́ rán lọ yọjú wò ó?

Wọ́n kó kámẹ́rà méjì sínú ọkọ̀ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju agolo tòmátò kékeré lọ. Lóṣù kẹfà ọdún yẹn, sípíríǹgì ta wọ́n síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí kámẹ́rà ṣe ń jìnnà ló ń ya fọ́tò, ó ń fi í ránṣẹ́ sí ọkọ̀ láìsí wáyà, ọkọ̀ wá fi í ránṣẹ́ sílé ayé. Bátìrì tán, iṣẹ́ parí. Kò padà mọ́. Odidi kámẹ́rà, wọ́n sọ ọ́ nù torí fọ́tò! Mi ò tíì gbọ́ ìtàn ọkọ̀ gbalasa tí mo fẹ́ràn tó báyìí.

Ṣáínà náà ṣe irú ẹ̀ ní 2020, nígbà tí Tianwen-1 ń lọ sí Mars. Fọ́tò tí àsíá pupa wà lára ọkọ̀ yẹn, tí ẹ ní kọ̀ǹpútà ló yà á? Kámẹ́rà tí ọkọ̀ fúnra ẹ̀ jù síta ni, níbi tó jìn sáyé tó mílíọ̀nù kìlómítà 24.

Ti Curiosity lórí Mars yàtọ̀. Ó ní apá tó gùn tó mítà 2, kámẹ́rà wà lórí ẹ̀. Lóṣù kẹwàá 2012 ó ya fọ́tò 55, wọ́n tò wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi fóònù ya panorama, kí ló ṣòro níbẹ̀?

"Ìràwọ̀ wá dà?" Ẹ jáde lálẹ́ òní, ẹ ya ọ̀rẹ́ yín lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ wá ka ìràwọ̀ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ fún mi. Oòrùn ń tàn sára ọkọ̀ yẹn. Kámẹ́rà á lajú fìrí, á pa á dé. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ò ráyè wọlé.

Àwọn pééjì tó ń gbé fọ́tò yìí kiri náà jẹ̀bi, jàre. Wọ́n á kọ "selfie", wọn ò ní fi ìlà kan ṣàlàyé.

Ẹ lè ní àwàdà lásán ni. Àbúrò mi kan ní SS2, tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà, fi irú kọ́mẹ́ǹtì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: "Bọ̀dá mi, ṣé irọ́ ni gbogbo ẹ̀?" Àwàdà yín ló ń kà o. Mo fi fọ́tò IKAROS ránṣẹ́ sí i, mo ṣàlàyé. Ó ní, "Kámẹ́rà yẹn ńkọ́? Ibo ló wà báyìí?"

Ó ń yí oòrùn po, àbúrò. Ẹ̀yin tó kù, ìbéèrè yín dà?