ORÍ BÍBẸ́ KỌ́ NI OÒGÙN ORÍ FÍFỌ́

Ẹ̀yin ará wa ní Kánò! Ọ̀rọ̀ orí àwọn ọmọ wa ni a mú wá lónìí.

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin wà ní kíláàsì kejì, làpálàpá mú un lórí. Irun já lójú kan, ó tó ìdérí ìgò. Onípolówó kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní òun ni ọ̀gá nínú ìwòsàn irun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ra ìpara lọ́wọ́ rẹ̀. Orí ọmọ wú, ó ń ṣọyún. Dókítà awọ ara ni ó wá là mí lójú pé ìpara nìkan kì í wo làpálàpá orí, nítorí àrùn náà ti wọ gbòǹgbò irun. Oògùn tí a ń gbé mì ni, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, láìpa ọjọ́ kan jẹ. Ó sàn, ṣùgbọ́n irun kò hù mọ́ lójú ibi tí ó ti ṣọyún títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ẹni tí ó ni iṣẹ́. Onígbàjámọ̀ mọ irun gé, onídìrí mọ irun dì. Wọn kì í ṣe oníṣègùn. Bí iwájú orí ìyàwó ilé bá ń pá, kí onídìrí má fa irun náà le mọ́. Bí orí baálé bá ń pá díẹ̀díẹ̀ bíi ti baba rẹ̀, àjogúnbá ni. Kí ó má ná owó ọjà lé e. Ṣùgbọ́n bí orí bá ń yún, tí ó ń ṣe èépá, tí ó wú, tàbí tí irun já lójú kan ṣoṣo, ẹ wá dókítà lọ. Àwọn dókítà awọ ara wà ní ilé ìwòsàn ńlá Aminu Kano. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn àdúgbò, kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ síbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá, ẹ bi í: Níbo lẹ ti kọ́ṣẹ́? Kí ni orúkọ àìsàn yìí? Kí ni ó wà nínú ìpara yìí? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ di owó yín mú.

Kí àwọn ọmọ má ṣe máa yá ara wọn ní òòyà àti fìlà. Kí onígbàjámọ̀ fọ irinṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó kan orí ẹlòmíràn. Bí ó bá ti mú ọmọ yín, ẹ má fi bò nítorí ìtìjú.

Orí wa kò ní gbàbọ̀dè. Àmín.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́