Imú Ni Èéfín Ń Gbà Dé Ọpọlọ

Ní ohun tó lé ní ogún ọdún sẹ́yìn, àwọn tó ń sin ajá ní Mẹ́síkò Sítì bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé àwọn ajá wọn tó ti darúgbó ń ṣe ṣìbáṣìbo. Òmíràn kò dá olówó rẹ̀ mọ̀ mọ́. Dókítà Lilian Calderón-Garcidueñas yẹ ọpọlọ àwọn ajá ìlú náà wò, ó sì fi í wé ti àwọn tó gbé níbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́. Ìdọ̀tí amyloid, èyí tó máa ń wà lọ́pọlọ ẹni tí àrùn Alzheimer ń bá fínra, pọ̀ lára ajá ìlú èéfín ju ti àwọn yòókù lọ.

Ìlú náà ga ju 2,200 mítà lọ, òkè sì yí i ká, nítorí náà èéfín ọkọ̀ àti ti ilé iṣẹ́ kì í tètè rọ́nà jáde. Tlaxcala kò jìnnà síbẹ̀, àmọ́ afẹ́fẹ́ tiwọn mọ́. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Robyn Hudson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kọfí àti ohun mímu ọsàn síwájú ará ìlú méjèèjì pé kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Ní 2006 ni èsì rẹ̀ jáde: ohun tí ará Tlaxcala tètè gbóòórùn rẹ̀, àfi kó le dáadáa kí ará Mẹ́síkò Sítì tó mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Kì í ṣe arúgbó nìkan o. Ọ̀dọ́ wà níbẹ̀.

Bí èéfín ṣe ń ti imú dé ọpọlọ kò lọ́jú pọ̀. Lókè pátápátá nínú imú, iṣan tó ń gbóòórùn yọ orí síta sínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Eegun kan tó lu bí asẹ́ ló là á láàárín sí ọpọlọ. Eruku wínniwínni tí wọ́n ń pè ní PM2.5 kò tó ìdá kan nínú ogún ìbú irun orí, èyí tó tún kéré sí i sì lè gba ojú iṣan náà gòkè. Ní 2016, Barbara Maher ti Yunifásítì Lancaster rí hóró irin magnetite nínú ọpọlọ òkú 37 láti Mẹ́síkò Sítì àti Manchester. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ rí róbótó, bí irú èyí tó ń ti inú iná gbígbóná jáde. Kò tíì sí ẹni tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé hóró wọ̀nyí ló ń fa Alzheimer. Síbẹ̀, ní 2020, ìgbìmọ̀ ìwé ìròyìn Lancet fi afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí kún ohun méjìlá tó lè múni ṣarán, tí a sì lè ṣe nǹkan sí.

Ní Baltimore nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé ìwòsàn Johns Hopkins yẹ aláìsàn 2,690 wò. 538 nínú wọn kò gbóòórùn mọ́. Bí PM2.5 ṣe pọ̀ tó ládùúgbò ènìyàn ni ewu náà ṣe ń pọ̀ tó.

Èkó ńkọ́? Báńkì Àgbáyé ṣírò pé afẹ́fẹ́ burúkú pa ènìyàn 11,200 níbẹ̀ ní 2018, ọmọdé ló sì pọ̀ jù. Ọkọ̀, ilé iṣẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n dárúkọ. Òkú nìkan ni iye yẹn kà. Ta ló ń ka imú? Bí ìyá àgbà bá ní òun kò gbóòórùn irú nínú ọbẹ̀ mọ́, wọn á ní ọ̀fìnkìn ni, tàbí ogbó. Ẹni tí imú rẹ̀ ti kú kò sì ní mọ̀ bí gáàsì bá ń jò nílé ìdáná. Ilé ìwòsàn tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́fẹ̀ẹ́ fún awakọ̀ dáńfó lè gbé kọfí àti ọsàn sábẹ́ imú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀.