Ta Ni Yóò Jókòó Níbi Tí A Ti Ń Parí Ìjà?

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ Yorùbá tí ń gbé Coal Camp àti àyíká rẹ̀, àkókò ìmúra ìdìbò ni a wà yìí. Àwọn olóṣèlú ti ń wọ àdúgbò wa. Wọ́n ń ṣèlérí ọ̀nà, omi àti iná, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹnì kankan nínú wọn, tí àwa náà kò sì tíì bi wọ́n: nígbà tí rògbòdìyàn bá dé, tí a sì fẹ́ parí rẹ̀, ta ni yóò jókòó síbi ìjíròrò náà? Ǹjẹ́ obìnrin yóò wà níbẹ̀? Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí a fi ìbò wa fún ẹni tí kò bá ní ìdáhùn gidi sí ìbéèrè yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni mo gbé dé. Ní ìlú Enugu yìí gan-an ni ó ti ní gbòǹgbò. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn yìnbọn lu àwọn awakùsà èédú ní Iva Valley, ènìyàn 21 sì kú. Owó iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń béèrè. Nínú àwọn tí ó dìde láti sọ pé ẹ̀jẹ̀ yìí kò gbọdọ̀ ṣòfò ni obìnrin méjì wà: Margaret Ekpo, tí ń ṣètò àwọn obìnrin ọjà ní Aba, àti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ti Abẹ́òkúta. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Calabar, èkejì jẹ́ ọmọ Yorùbá. Síbẹ̀ wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan nítorí àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ará ilé wọn. Bí a bá ń wá ẹni tí ó kọ́kọ́ fi hàn bí ọmọ Yorùbá ti í ṣe ọmọnìkejì ní Enugu, obìnrin ni a ó rí.

Ṣáájú èyí, ní ọdún 1929, àwọn obìnrin Oloko nítòsí Bende ni ó kọ́kọ́ fura pé kíkà tí ìjọba ń ka àwọn ènìyàn àti ẹran ọ̀sìn wọn, owó orí ni yóò já sí. Wọ́n ké; ìjọba kò fi etí sí igbe wọn títí ó fi di ogun, ìbọn sì pa obìnrin tí ó ju 50 lọ. Lẹ́yìn náà ni ìjọba tó tún ètò àwọn olóyè tí ó fi ìwé àṣẹ yàn ṣe. Àtúnṣe tí a lè ṣe pẹ̀lú ìjíròrò ni a fi ẹ̀mí rà. Àwọn àgbà wa wí pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n kí ni àǹfààní àgbọ́tẹ́lẹ̀ bí a kò bá gba ẹni tí ó ń sọ ọ́ láyè láti wọlé?

Ní oṣù Kìíní ọdún 1967, àwọn aláṣẹ ilẹ̀ wa pàdé ní Aburi, ní orílẹ̀-èdè Gánà, láti wá ọ̀nà tí ogun kò fi ní í ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá ológun àti ọlọ́pàá ni wọ́n, ọkùnrin pátápátá. Ní oṣù Keje ọdún náà ogun bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá, Enugu ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀. N kò sọ pé bí obìnrin bá wà ní Aburi, ogun kì bá tí jà. Kò sí ẹni tí ó lè búra bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn tí ó ru ẹrù ogun náà kò sí níbi tí a ti ń pinnu rẹ̀. Obìnrin ni ó ń kọjá láàárín ọmọ ogun ìhà méjèèjì láti wá iyọ̀ àti gaàrí kí ọmọ má baà kú. Obìnrin ni ó sì ń di opó.

Ẹ wo orílẹ̀-èdè Làìbéríà. Ní ọdún 2003, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí wọ́n ti ń para wọn, Leymah Gbowee àti àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Kristẹni àti Mùsùlùmí, kóra wọn jọ sí ìta gbangba láti bèèrè àlàáfíà. Nígbà tí ìjíròrò kò lójú mọ́ ní Accra, wọ́n jókòó dí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n ní àwọn ọ̀gá ogun kò ní í jáde láìṣe ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún náà ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Bí ọkùnrin rí ejò, tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò. Abala 42 nínú Ìwé Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá, tàbí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Abala yìí ni àwa Yorùbá gbé ẹ̀yìn lé nígbàkúùgbà tí ẹnikẹ́ni bá pè wá ní àlejò ní Enugu. Nínú gbólóhùn kan náà ni a ti dárúkọ ẹ̀yà, nínú rẹ̀ náà ni a ti dárúkọ akọ àti abo. A kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún di ìdajì òfin mú fún ara wa, kí a fi ọwọ́ òsì gba ìdajì kejì lọ́wọ́ ìyàwó àti ọmọbìnrin wa.

Abala 42 yìí kan náà ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ gbé ka iwájú ní ọdún 2014, nínú ẹjọ́ Ukeje, nígbà tí ó dájọ́ pé àṣà Igbo tí kò jẹ́ kí ọmọbìnrin jogún bàbá rẹ̀ kò bá òfin mu. Kí a má sì ṣe fi ìyẹn yọ àwọn onílé wa lẹ́nu. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọbìnrin ń jogún bàbá rẹ̀ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n nínú àṣà wa, opó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Gbogbo wa ni a ní ilé láti gbá.

Àwọn kan yóò sọ pé àṣà wa kò gba obìnrin láyè nínú ọ̀rọ̀ ogun àti àlàáfíà. Irọ́ ni. Ìyálóde wà nínú ìgbìmọ̀ Ìbàdàn. Nígbà tí Ààrẹ Látòósà dojú kọ Ìyálóde Ẹfúnṣetán ní ọdún 1874, ara ẹ̀sùn tí ó kà sí i lọ́rùn ni pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun. Bí ohùn obìnrin kò bá já mọ́ nǹkan lórí ọ̀rọ̀ ogun, kí ni ìbá mú un bínú tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí àdúgbò wa. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni àṣẹ ‘jókòó sílé’ ọjọ́ Ajé ti gba gbogbo ìlà-oòrùn kan, títí Gómìnà Peter Mbah fi kéde pé ní Enugu, òpin dé bá a láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2023. Ta ni ó jìyà rẹ̀ jù? Ẹni tí ń ta tòmátì, ẹ̀fọ́ àti ẹja tútù ní Ọjà Ogbete ni, tí ọjà rẹ̀ kì í dúró de ọ̀la. Àwọn obìnrin yìí ni ó sì kọ́kọ́ ń mọ̀ bí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́: awakọ̀ tí kò fẹ́ gba ọ̀nà kan mọ́, àwọn ọmọkùnrin tí a kò mọ̀ rí ní ìkángun ọjà, àhesọ tí ń ti ìsọ̀ bọ́ sí ìsọ̀. Kí ìròyìn yẹn tó dé ìpàdé àwọn ọkùnrin, ó ti di ọ̀rọ̀ àná.

Síbẹ̀, nínú Sínétọ̀ 109, obìnrin mẹ́ta péré ni àjọ elétò ìdìbò kéde pé ó wọlé ní ọdún 2023. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2022, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ dìbò ta ko àbá tí ìbá fi àga kún un fún obìnrin, àti èyí tí ìbá jẹ́ kí obìnrin di ọmọ ìpínlẹ̀ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Àbá kejì yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí àwọn ọmọbìnrin wa ń fẹ́ ọmọ Enugu, ọmọ wọn sì ń fẹ́ tiwa.

Nítorí náà, bí olóṣèlú bá wá, ẹ bi í ní ohun mẹ́ta. Èkíní: obìnrin mélòó ni ìwọ yóò fi sínú ìgbìmọ̀ ààbò àti àlàáfíà, ta sì ni yóò yàn wọ́n? Èkejì: báwo ni ìròyìn àwọn obìnrin ọjà yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ ìjọba kí ìjà tó bẹ́? Ẹ̀kẹta: ǹjẹ́ ìwọ yóò gbè lẹ́yìn àbá tí wọ́n kọ̀ ní 2022 bí ó bá tún dé iwájú rẹ? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ kà á jáde ní ìpàdé.

Kí àwa náà má ṣe béèrè ohun tí a kò lè ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ìyá wa kàn ń se oúnjẹ fún ìpàdé ni, tí a kò sì yàn wọ́n láti bá àwọn aṣojú ìlú sọ̀rọ̀, olóṣèlú yóò wo ẹ̀yìn wa yóò sì rẹ́rìn-ín. Mo dábàá pé kí ìdajì àwọn tí yóò lọ bá àwọn olùdíje sọ̀rọ̀ ní orúkọ wa jẹ́ obìnrin.

Òfin fún ọmọ Nàìjíríà tí ó ti pé ọmọ ọdún 18, tí ó sì ń gbé níhìn-ín, ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ sílẹ̀ kí ó sì dìbò níhìn-ín. Ẹ̀yin ìyá àti àǹtí wa, káàdì yín kì í ṣe ti ọkọ yín. Ẹ mú un jáde lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ bí ọkàn yín ti rí.