Ta Ni Kí Ó Wà Lórí Bọ́tìnnì Àkọ́kọ́?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò bi wá pé kí ló kan ìgbìmọ̀ ẹ̀ka pẹ̀lú tẹlifóònù olókùn láyé tí fóònù alágbèéká wà lápò gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà láti ilé dé ilé ní Lọ́ńdọ̀nù yìí mọ̀ pé fóònù olókùn, èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi tí ó sì ní iyè tí a ń tọ́jú nọ́ńbà sí, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì gbẹ́kẹ̀ lé. Òun náà ni púpọ̀ nínú wa rà fún ìyá àti bàbá tiwa.

Nígbà òtútù tó kọjá, ìyá ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ṣubú nílé ìdáná lóru. Wọ́n fi ìdí wọ́ dé ibi tí fóònù wà, wọ́n tẹ bọ́tìnnì àkọ́kọ́. Nọ́ńbà ọmọ wọn ló wà níbẹ̀. Ọmọ sì wà lẹ́nu iṣẹ́, fóònù rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń ti ẹrù wa mọ́, nítorí pé ọ̀gá kò gbà kí a mú fóònù wọ wọ́ọ̀dù. Bọ́tìnnì kan náà ni ìyá ń tẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. A dúpẹ́ pé wọ́n yè é. Fóònù kò yẹ̀. Ohun tí a ní kí ó ṣe ló ṣe. Àwa ni a kò ro ọ̀rọ̀ náà dé òpin.

Èrò wa nìyí: ẹni tó lè dé ẹnu ọ̀nà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló yẹ kí ó wà lórí bọ́tìnnì àkọ́kọ́, kì í ṣe ẹni tí ìyá fẹ́ràn jù. Aládùúgbò ẹni ni ọmọ ìyá ẹni. Kí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì níbi iṣẹ́ yín wà lórí ìkejì, kí fóònù ọmọ wà lórí ìkẹta. Ní ti 999, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù.

Títo nọ́ńbà náà kò le. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, a ó tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n kọ Store sí, a ó tẹ nọ́ńbà, a ó tún tẹ Store, lẹ́yìn náà bọ́tìnnì tí a fẹ́ kí nọ́ńbà náà wà. Ètò yìí lè yàtọ̀ láti ara fóònù kan sí òmíràn, nítorí náà ẹ má ṣe sọ ìwé tó bá a wá nù. Nọ́ńbà kíkún ni kí ẹ tò, pẹ̀lú 020 tó ṣáájú nọ́ńbà Lọ́ńdọ̀nù. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn ní Ìbàdàn ni, ẹ fi 00234 ṣáájú, kí ẹ sì yọ òdo iwájú nọ́ńbà rẹ̀. Àwọn fóònù kan ń fi bátìrì kékeré pa iyè wọn mọ́. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó kú. Bí ẹ bá tò ó tán, ẹ jẹ́ kí ìyá fúnra wọn tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú yín.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó wúwo jù ú lọ. Wáyà bàbà àtijọ́ máa ń gbé iná díẹ̀, bí 50 volt, láti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù wá. Ìdí nìyẹn tí fóònù olókùn fi ń ṣiṣẹ́ bí iná ilé bá lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà ti dá ìparí January 2027 fún pípa ètò yìí tì. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì ilé ni a ń ki okùn fóònù bọ̀, bí iná bá sì lọ, àwọn méjèèjì dákẹ́ nìyẹn. Òfin Ofcom ni pé ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn àfi fóònù ilé gbọ́dọ̀ rí ohun tí yóò fi lè pe 999 fún wákàtí kan, ó kéré tán, bí iná bá lọ. Ẹ béèrè rẹ̀ fún àwọn òbí yín. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ní ti àwọn agbanisíṣẹ́, ọ̀rọ̀ wa kò lọ́jú pọ̀. Iṣẹ́ ni yíyẹ fóònù àgbàlagbà wò. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́jú, kí wọ́n sì san owó àkókò rẹ̀. Àbẹ̀wò oníṣẹ́jú 15 kò lè gba ìwẹ̀, oúnjẹ, oògùn àti fóònù pọ̀. Bí wọn kò bá sì fẹ́ kí a mú fóònù wọ wọ́ọ̀dù, kí wọ́n yan ẹni tí yóò máa gbé fóònù tábìlì, tí yóò sì jíṣẹ́ fún wa lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú ìyá onílé kò gbọdọ̀ pàdánù ìyá tirẹ̀.

A óò gbé e síwájú wọn nípàdé tó ń bọ̀, ẹ wá kí a jọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lálẹ́ òní, kí ẹ tó jáde lọ síbi iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó wà lórí bọ́tìnnì àkọ́kọ́.