Ọmọdé, Odó àti Ìgò Epo

  Ọ̀rọ̀ lórí owó ilé láàárín tọkọtaya ni a ti pèsè sílẹ̀ fún ojú ewé yìí, ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé tiwa tó mú kí a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. A óò padà sí i, bí Ọlọ́run bá fẹ́.

Ọjọ́ Sátidé ni, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Ìyá àwọn ọmọ wa ń lọ ata ní ẹ̀yìnkùlé. Àwa jókòó ní pálọ̀, a ń múra ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ gba Kòmúníọ̀ Mímọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìyá ìyàwó wa, tó wá kí wa láti Sakété, ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Àgbàlagbà mẹ́ta ló wà nílé, ọmọ ọdún mẹ́ta kan ṣoṣo ni a ń ṣọ́, àbíkẹ́yìn wa. Ojú mẹ́fà lára ọmọ kan: ta ni kò ní sọ pé ó tó?

Lójijì ni ilé dákẹ́. Ẹ̀yin abiyamọ mọ irú ìdákẹ́ tí a ń wí. Bí ọmọdé bá ń pariwo, tó ń fọ́ àwo, tó ń sunkún, ìyá rẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbì kan. Ìgbà tí kò bá gbọ́ nǹkan kan ni àyà rẹ̀ máa ń já. Ìyá rẹ̀ pè é lẹ́ẹ̀kan, ó pè é lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ìdáhùn. Nígbà tí a óò fi dé yàrá tí a ń kó ẹrù sí, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀, odó kékeré ti dojú délẹ̀ níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, ọmọ wa dúró lórí rẹ̀, ó di ìgò epo mọ́tò mú mọ́ àyà, ìdérí ìgò náà sì wà láàárín eyín rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé a kò ṣọ́ra. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti ń rá ni a ti gbé ìgò epo kúrò nílẹ̀ lọ sí orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ilẹ̀kùn yàrá náà ní okùn tí a ń fi kọ́ ìṣó, lókè pátápátá, níbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè dé. A ti fi ojú wọ̀n ọ́n, a sì ti yin ara wa. Ohun tí a kò rí nìyí: ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá ìyàwó wa fẹ́ bu ẹ̀wà nínú yàrá náà. Ìyá kò ga, ọwọ́ wọn kò tó okùn. Wọ́n mú orógùn, wọ́n fi ti okùn kúrò lára ìṣó, wọ́n wọlé. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ nítòsí, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń wò wọ́n. Orógùn yẹn gan-an ni a bá lẹ́nu ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́.

Epo ti dà sí i láṣọ, ẹnu rẹ̀ ń rùn, ó sì ń wúkọ́. Bóyá ó ti mu nínú rẹ̀, bóyá kò mu, a kò mọ̀. Ìyá sáré dé pẹ̀lú ìgbákọ epo pupa. "Ẹ fún un mu kíá, kó lè bì í!" Àwa tí a lọ sí sẹ́mínárì, tí a ka ìwé Faransé títí, àwa la nawọ́ gba ìgbákọ náà. A ti gbé orí ọmọ sókè. Ìyàwó wa ló di ọwọ́ wa mú. "Bàbá, ẹ má fún un! Ẹ má fún un ní nǹkan kan! Wọ́n sọ ọ́ fún wa níbi tí a ti ń wọn ọmọ." Epo pupa dà sílẹ̀. Ó bọ́ aṣọ lára ọmọ, ó fi omi àti ọṣẹ fọ ara rẹ̀, ó sì gbé e gun ọ̀kadà. Ó ní kí a mú ìgò náà dání, kí àwọn oníṣègùn lè mọ ohun tí wọ́n ń bá jà.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fetí sí àyà rẹ̀, wọ́n ka bó ṣe ń mí, wọ́n ní kí a dúró. Wákàtí mẹ́fà ni a fi jókòó. Wọn kò fún un ní oògùn kankan. Wọ́n kàn ń wá wò ó, wọ́n ń lọ, wọ́n tún ń padà wá. Nígbà tí alẹ́ ti lẹ́ dáadáa, ọmọ náà jókòó, ó ní ebi ń pa òun. A kò rántí ìgbà tí a gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí epo pupa yìí, nítorí ọ̀pọ̀ ilé wa ló wà. Epo mọ́tò àti epo àtùpà fúyẹ́ ju omi lọ, wọ́n sì ń yọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọmọdé ní jàǹbá jù lọ kì í ṣe inú ikùn bí kò ṣe inú ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tí ọmọ gbé mì lè jókòó sínú ikùn láìṣe ìjàǹbá ńlá. Ṣùgbọ́n bí a bá mú kó bì í, epo náà yóò gba ọ̀nà ọ̀fun padà wá, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò sì yà sí ọ̀nà èémí. Díẹ̀ yẹn tó láti ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Epo pupa, wàrà, omi iyọ̀, ìka tí a ń ki bọ ọmọ lọ́fun: iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Àmì rẹ̀ ni ikọ́, èémí tó ń yára, àyà tó ń wọlé bí ọmọ ti ń mí, tàbí oorun tí kò ní ìdí. Ó lè pẹ́ ní wákàtí mélòó kan kó tó hàn, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a gbé ọmọ lọ kódà bó bá ń ṣeré. Sóódà tí a fi ń se ọṣẹ tún burú ní ọ̀nà tirẹ̀: ó ń jó ọ̀fun bó ti ń lọ, bí ọmọ bá sì bì í, ó tún ń jó o bó ti ń bọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú ọgbẹ́ yẹn lè fún ọ̀nà oúnjẹ pa, tí ẹ̀kọ mímu pàápàá kò ní lè kọjá. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń se ọṣẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bu sóódà sínú ife tàbí ìgò tí ọmọ mọ̀.

A kò bá ìyá wa wí. Ẹ̀rọ̀ ni epo pupa lójú àwọn tó bí wọn, ó sì ti wà nínú ilé Yorùbá kí epo mọ́tò tó dé. Àwọn tó kọ́ wọn kò mọ irú epo kejì yìí.

Ẹ̀yin náà mọ bí epo yìí ṣe ń wọ ilé wa. Ẹnu ibodè Nàìjíríà là ń gbé. Láti Igolo títí dé Pobè, a ti rí àwọn ọlọ́kadà tó di gálọ́ọ̀nù yí ara wọn ká, a sì ti rí tábìlì ẹ̀bá ọ̀nà tí wọ́n to ìgò sí. Kpayo ni à ń pè é, ọ̀rọ̀ àwọn Gùn, èyí tó túmọ̀ sí ohun tí kì í ṣe ojúlówó. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà dáwọ́ owó ìrànwọ́ lórí epo dúró ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó kpayo gun òkè, ṣùgbọ́n ìgò kò kúrò nílé. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, iná sọ ní ibi tí wọ́n ń kó epo yìí pamọ́ sí ní Sèmè-Kraké. Ènìyàn 35, ó kéré tán, ló kú níbẹ̀, ọmọ ọwọ́ kan sì wà lára wọn. A gbàdúrà fún wọn. Nígbà tí a ń gbàdúrà náà, ìgò tiwa wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìgò yẹn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìgò ọtí dídùn ni, irú èyí tí a rà fún ọmọ kan náà ní ọjọ́ Kérésìmesì. Àwọn àgbà ní ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, àgbà ló da oògùn sínú àwo ẹ̀fọ́.

Ohun tí ọmọ náà fi orógùn ṣe rán wa létí nǹkan kan tí a ti kà. Dókítà àwọn ọmọdé kan wà ní ìlú Windsor ní Kánádà, Henri Breault ni orúkọ rẹ̀, ní ilé ìwòsàn Hôtel-Dieu tí àwọn sísítà dá sílẹ̀. Àwọn ọmọ tó gbé oògùn tàbí májèlé mì ń wá bá a láìdáwọ́dúró, ọ̀rọ̀ náà sì sú u. Akitiyan rẹ̀ ló bí ìdérí ìgò oògùn tí a ní láti tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí a ti ń yí i, ní ọdún 1967, iye ọmọ tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì dín kù gidigidi. Ní 1970, Amẹ́ríkà ṣe òfin lórí irú ìdérí bẹ́ẹ̀. Ìdánwò tí wọ́n ń fi yẹ̀ ẹ́ wò ló jọ wá lójú: wọ́n á kó ìgò fún àwọn ọmọ tó ti lé ní ọdún mẹ́ta, ní méjì méjì, fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà, àgbà yóò ṣí ìgò náà lójú wọn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á sọ fún wọn pé wọ́n lè fi eyín ṣe é. Wọ́n á tún fún wọn ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ọmọ 80 nínú 100 kò bá rí i ṣí, ìdérí náà yege.

Ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀? Ìdérí tí àwọn amòye jókòó ṣe, ogún nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ lè ṣí i láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìjọba yóò sì tún fọwọ́ sí i. Okùn àti ìṣó ni tiwa. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìdènà ń rà fún wa, kó lè jẹ́ pé ẹnì kan yóò ti yíjú padà. Ní ọjọ́ Sátidé yẹn, ta ni ẹni náà? Ìyàwó wa rò pé ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá òun. Ìyá rò pé ó wà lọ́dọ̀ wa. Àwa, kí a má purọ́, a kò rò nǹkan kan. A gbà pé àwọn obìnrin ń wò ó. À ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí àgbà bá wá pọ̀ lọ́jà, tí oníkálukú ń rò pé ẹlòmíràn ló ń wo orí ọmọ ńkọ́?

Màríà àti Jósẹ́fù pàápàá rin ìrìn odidi ọjọ́ kan kúrò ní Jerúsálẹ́mù, wọ́n rò pé Jésù wà láàárín àwọn ìbátan tí wọ́n jọ ń bọ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà náà. A ti ka Ìhìnrere yẹn fún ìjọ láìmọye ìgbà, ojú ọmọ la máa ń fi wò ó, pé ó jókòó láàárín àwọn olùkọ́. Ní òru ilé ìwòsàn yẹn, ojú àwọn òbí rẹ̀ ni a fi wò ó.

Àtìgbà náà ni a ti ń dárúkọ. Bí ìyàwó wa bá fẹ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, yóò ní, "Bàbá, ọmọ wà lọ́wọ́ yín o." A óò dáhùn pé, "Ó wà lọ́wọ́ wa." Títí a óò fi dá a padà fún un tẹnu-tẹnu, tiwa ni. Ó dà bí eré lójú àwọn àlejò, àwọn kan ti fi wá ṣe ẹ̀fẹ̀. A kò tún gbé epo wọlé mọ́. Inú ọ̀kadà ni a ń dà á sí lójú ọ̀nà, bí ó bá sì tán, a ó fi ẹsẹ̀ rìn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún aláboyún, èyí tó rí bíi súìtì lójú ọmọdé, tó sì lè pa á, ti wọ inú àpótí.

Kànga ni a fẹ́ fi kún un, ní kúkúrú. Kànga tiwa ní ilẹ̀ pupa yìí jìn. Páànù tí a fi òkúta tẹ̀ mórí kì í ṣe ìdérí. Ọmọ méjì tó bá fi èjìká ti òkúta pọ̀ yóò yí i kúrò. Ní oṣù kejì ọdún 2022, gbogbo ayé ló wo bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀ ní abúlé kan ní Mòrókò láti yọ ọmọ ọdún márùn-ún kan nínú kànga tó jìn tó mítà 32. Ní ọjọ́ karùn-ún tí wọ́n gbé e jáde, ó ti kú. Ẹ ní kí káfíńtà kan ìdérí onígi tó ní ìdè àti àgádágodo sí i.

Àwa náà ra àgádágodo, fún ilẹ̀kùn yàrá ẹrù. Ó tóbi, ó wúwo, a sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí àpò aṣọ tí a kọ́ sára ògiri. Ní ọjọ́ kẹta, bí a ti ń jẹun alẹ́, àbíkẹ́yìn wa wọlé, ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí wa. "Bàbá, ẹ gbàgbé kọ́kọ́rọ́ yín."