Àdá àti Ohùn Ọmọdé ní Ilé-Ẹ̀kọ́

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ọmọ bá pẹ́ dé ní òwúrọ̀, àdá ni wọn yóò fi lé e lọ́wọ́ pé kí ó lọ gé koríko. Bí ó bá pariwo ní kíláàsì, koríko náà ni. Bí ó bá gbàgbé ìwé rẹ̀ sílé, koríko tún ni. Ọmọ tí ó bá ń dé ní àsìkò, tí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, tí kò sì gbàgbé ohunkóhun sílé, lè má fọwọ́ kan àdá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí dé òpin rẹ̀. Ẹ̀kọ́ wo ni ọmọ méjèèjì yìí ń kọ́? Èkínní ń kọ́ pé ìyà ni iṣẹ́ oko; èkejì ń kọ́ pé ẹni tí ó bá gbọ́n kì í ṣe é. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá gba ìwé ẹ̀rí tán, ẹnu a máa ya bàbá tí ó fi àdá kan náà wá owó ilé-ẹ̀kọ́ wọn pé ojú oko ń ti àwọn ọmọ òun. Kò yẹ kí ó yà á lẹ́nu. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Ní Ẹdẹ, níbi tí odò Ọ̀ṣun gbé ń ṣàn kọjá lẹ́bàá ìlú, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìlú àgbẹ̀ ni Ẹdẹ láti ayébáyé, ó sì ti di ìlú ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn Onítẹ̀bọmi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn síbẹ̀, ìjọ Adventist kọ́ tiwọn, àwọn Mùsùlùmí náà kò sì gbẹ́yìn. Lónìí, pólítẹ́kíníìkì ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀, yunifásítì aládàáni náà sì wà. Ẹni tí ó bá dúró ní ojú títì ní aago méje àárọ̀ yóò rí oríṣiríṣi aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ń kọjá. Ilé-ẹ̀kọ́ kò wọ́n ní Ẹdẹ mọ́. Ohun tí ó kù tí ó yẹ kí àwọn òbí àti olùkọ́ máa bi ara wọn ni pé, nínú gbogbo ilé ńláńlá wọ̀nyí, ta ni ó ń ṣe òfin tí àwọn ọmọ ń tẹ̀lé, ta ni ó sì ń pín iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe?

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ jà lórí apá kan ìbéèrè yìí. Táí Ṣólàárín ni orúkọ rẹ̀. Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ ni wọ́n gbé bí i ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 1922, òun àti Kẹ́hìndé rẹ̀ tí ó jẹ́ obìnrin. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti kọ́ iṣẹ́ ẹni tí ń tọ́ ọkọ̀ òfuurufú sọ́nà. Nígbà tí ogun parí, ó lọ sí yunifásítì ní Manchester. Ní 1951, ó fi Sheila, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe aya. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó di ọ̀gá àgbà ní Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ṣólàárín kò gbà pé ó yẹ kí orin ìsìn àti àdúrà jẹ́ ara ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ń fi dandan mú ọmọ ṣe. Bí ọmọ bá fẹ́ gbàdúrà, ilé bàbá rẹ̀ ń bẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ní ìgbà náà, kò sì dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú títí di òní. Kò pọn dandan kí ẹni tí ó bá bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yìí gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àgàbàgebè. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó padà sí Ìkẹ́nnẹ́, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1956. Mayflower ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ọkọ̀ ojú omi tí ó kó àwọn kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620. Ó pani lẹ́rìn-ín díẹ̀ pé àwọn tí ó wọ ọkọ̀ náà ń wá ibi tí wọn yóò ti lè sin Ọlọ́run bí ó ti wù wọ́n, nígbà tí ẹni tí ó yá orúkọ rẹ̀ lò ń wá ibi tí wọn kò ti ní fi ìsìn kọ́ ọmọ rárá. Òmìnira ni àwọn méjèèjì ń wá, ọ̀nà wọn ni ó yàtọ̀.

Àsìkò tí ó ṣí i dára púpọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ bákan náà, jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹgbàágbèje ọmọ àgbẹ̀ ni ó wọ kíláàsì ní ọdún náà, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé, bí wọ́n bá jáde, púpọ̀ nínú wọn yóò wá ilé-ẹ̀kọ́ girama. Irú ilé-ẹ̀kọ́ wo? Ṣé èyí tí yóò sọ wọ́n di akọ̀wé, tí wọn kò ní lè di àdá mú mọ́? Mayflower ni ìdáhùn Ṣólàárín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gan-an ni ó ń dá oko, tí ń sin ohun ọ̀sìn, tí ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe nínú iṣẹ́ kíkọ́ ilé tí wọ́n ń gbé. Kì í ṣe pé wọ́n ṣẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọmọ olówó ń ṣe é, ọmọ tálákà ń ṣe é. Ọ̀gá wọn, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ṣòkòtò péńpé káńkí àti fìlà rẹ̀, kò sì dúró lẹ́bàá kan kí ó máa nàka sí wọn.

Ẹ̀kọ́ kan wà níhìn-ín tí kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Àdá kò yí padà, koríko kò yí padà. Ẹni tí wọ́n ń gbé àdá fún àti ìdí tí wọ́n fi ń gbé e fún un ni ó yí padà. Bí gbogbo ọmọ bá ń gé koríko, àti ẹni tí ó tètè dé àti ẹni tí ó pẹ́, kò sí ẹni tí yóò pe koríko gígé ní ìyà mọ́.

Ṣólàárín kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ sí inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Òǹkọ̀wé ni, àwọn ìwé ìròyìn ni ó sì fi ṣe kíláàsì rẹ̀ kejì. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1964, nígbà tí àwọn yòókù ń kí ara wọn pé kí ọ̀nà wọn dán, òun kí àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn Daily Times pé kí ọ̀nà wọn rí págunpàgun, nítorí pé ẹni tí kò bá rí ìṣòro kò lè gbọ́n. Àwọn kan pè é ní èpè. Ó kọ̀wé bá àwọn olóṣèlú wí, ó kọ̀wé bá àwọn ológun wí. Ní 1984, ìjọba ológun jù ú sí ẹ̀wọ̀n, ó sì lò ju ọdún kan lọ níbẹ̀. Ó kú ní 1994.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá pe Mayflower ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa, òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò pé. Tiwa-n-tiwa ni iṣẹ́ ibẹ̀, nítorí pé kò sí ọmọ tí a dá sí. Ṣùgbọ́n ẹni líle ni Ṣólàárín. Òun ni ó mọ ohun tí ó dára, òun ni ó sì ń pàṣẹ rẹ̀. Ọkùnrin tí kò gbà kí ológun máa dá pàṣẹ fún ìlú ni ó ń dá pàṣẹ nínú ọgbà rẹ̀. Kì í ṣe pé kí a fi èyí bu ọlá rẹ̀ kù. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú igbó nílò ọwọ́ tí ó le. Síbẹ̀ ó yẹ kí a sọ ọ́, kí ọmọ tí ń kà nípa rẹ̀ lè mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ dé dúró.

Ẹni tí ó gba ibẹ̀ kọjá ni A. S. Neill, ọmọ ilẹ̀ Scotland, olùkọ́ àti òǹkọ̀wé. Ní 1921 ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Summerhill sílẹ̀, tí ó wà ní Leiston ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1927 títí di òní. Ìpàdé ni ó ń ṣe òfin ibẹ̀. Ọmọdé àti àgbà a jókòó, ẹni tí ó ní ẹjọ́ a rò ó, wọn a sì dìbò. Ìbò kan ni ọmọ ọdún mẹ́fà ní, ìbò kan ni Neill fúnra rẹ̀ ní. Ó sì ti ṣẹlẹ̀ pé àwọn ọmọ dìbò borí rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi ìyà jẹ ọmọ tí ó kéré sí i, ìpàdé ni yóò dá a lẹ́jọ́, yóò sì bu owó ìtanràn lé e. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan ni wọ́n gbé síwájú ìpàdé: Neill ni ó ń gba olùkọ́ síṣẹ́, òun ni ó sì ń bójú tó ohun tí ó lè pa ọmọ lára. Wọn kì í fi dandan mú ọmọ wọ kíláàsì níbẹ̀, èyí tí òbí kankan ní Ẹdẹ kò ní gbà, wọn kò sì jẹ̀bi. Ẹni tí ó ta kòkó kí ọmọ rẹ̀ lè kàwé kò ta á kí ọmọ náà lè máa gun igi.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ yìí tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ gbọ́. Ní 1999, àwọn alábẹ̀wò ìjọba kọ ìròyìn tí kò dára nípa rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí ó yí ìlànà rẹ̀ padà tàbí kí wọ́n tì í. Neill ti kú láti 1973; ọmọ rẹ̀ obìnrin, Zoë, ni ó wà ní ipò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹta ọdún 2000. Kí ẹjọ́ tó parí, ìjọba ní kí àwọn jọ ṣe àdéhùn. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ì bá fọwọ́ sí i kí ó sì máa lọ sílé. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n yọ̀ǹda yàrá ilé ẹjọ́ fún àwọn ọmọ, àwọn ọmọ náà ṣe ìpàdé wọn níbẹ̀ gan-an, wọ́n gbé àdéhùn náà yẹ̀ wò, wọ́n sì dìbò pé àwọn gbà á. Ìgbà náà ni ẹjọ́ parí.

Àgbàlagbà Ẹdẹ kan lè gbọ́ èyí kí ó rẹ́rìn-ín, kí ó ní ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kí ó má ra á lọ́wọ́, kí ó sì ní òyìnbó ni ó ń ba ọmọ jẹ́ báyìí. Ó tọ̀nà pé ọmọ yóò fi ẹ̀kọ ra ọwọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń jẹ ẹ́ fún ọmọ títí ọmọ fi ń dàgbà? Àwọn baba wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe àrò ní oko kò dúró de àgbà kan kí ó tó wá pín iṣẹ́ fún wọn. Àwọn fúnra wọn ni ó mọ oko ẹni tí ó kàn, bí ẹnì kan bá sì sá lọ́jọ́ tí iṣẹ́ kan oko ẹlòmíràn, kò sí ẹni tí yóò dé oko tirẹ̀. Òfin ni èyí, kò sì sí ọ̀gá tí ó kọ ọ́ mọ́ ara ògiri. Ọba pàápàá kò dá ṣe ìjọba: Tìmì ní àwọn ìjòyè tí ó ń bá gbìmọ̀. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tí ó wà lórí oyè láti 1946 sí 1975, mọ ìlù lù fúnra rẹ̀, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ dùndún mọ̀ pé ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí gúdúgúdú bá dákẹ́, ọwọ́ ìyáàlù yóò ṣì.

Ọ̀nà tí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ẹdẹ lè gbà bẹ̀rẹ̀ kò le. Kí wọ́n mú kíláàsì kan ṣoṣo, kí wọ́n sì fún un ní sáà kan. Kí àwọn ọmọ ibẹ̀ fúnra wọn pín iṣẹ́ ọgbà, kí ó kan gbogbo wọn, kí wọ́n sì fẹnu kò lórí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó bá pẹ́ dé, bí kò bá ti jẹ́ koríko. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹnì kan kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, kí olùkọ́ jókòó láàrin wọn pẹ̀lú ìbò kan. Ó ṣeé ṣe kí òfin àkọ́kọ́ tí wọn yóò ṣe le ju ti ọ̀gá àgbà lọ. Ọmọdé a máa le sí ọmọdé. Ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta ni wọn yóò rí i pé òfin náà ti mú ọ̀rẹ́ wọn, wọn yóò sì ní kí wọ́n tún un ṣe. Kí olùkọ́ má ṣe bá wọn tún un ṣe ṣáájú ìgbà náà. Iṣẹ́ tí ó le jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn, olùkọ́ ni ó sì ni ín: kí ó jókòó, kí ó rí àṣìṣe tí ń bọ̀, kí ó sì na ọwọ́ rẹ̀ sókè bí àwọn yòókù, títí alága, tí ó lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, yóò fi pè é láti sọ̀rọ̀.